Lẹ́yìn Abẹ: Ohun tí Àwọn Olùwádìí Rí nípa Bí Ara Ṣe Ń Padà Bọ̀ Sípò

Bí dókítà bá sọ fún ẹnìkan pé wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, orí tábìlì tíátà ni ọkàn onítọ̀hún máa ń lọ. Yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Ṣé n óò jí?" Àwọn ẹbí yóò gbààwẹ̀, wọn yóò gbàdúrà, wọn yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà tíátà títí nọ́ọ̀sì yóò fi jáde wá sọ pé ó ti parí. Ara gbogbo wọn yóò wá rọ̀ wọ̀ọ̀. Àwọn kan yóò tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́ láti máa lọ sílé. A kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lé lórí fi hàn pé ìgbà yẹn gan-an ni ó yẹ kí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Ní ọdún 2016, àwọn dókítà ní orílẹ̀-èdè 25 ní Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà lára wọn, fohùn ṣọ̀kan láti ka gbogbo àgbàlagbà tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ilé ìwòsàn wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ilé ìwòsàn 247 ni ó kópa, ènìyàn 11,422 ni wọ́n sì kà. Bruce Biccard ti Yunifásítì Cape Town ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà, ìwé ìròyìn ìṣègùn tí a ń pè ní Lancet sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2018. Wọ́n rí i pé àwọn aláìsàn ti Áfíríkà kéré lọ́jọ́ orí ju àwọn ti ibòmíràn lọ, àìsàn tí ó ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti àwọn yòókù. Síbẹ̀síbẹ̀, iye àwọn tí ó kú nínú wọn tó ìlọ́po méjì iye tí ó ń kú káàkiri àgbáyé. Bíi ẹni 18 nínú 100 ni wàhálà kan tàbí òmíràn dé bá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹni 239 ni ó kú. Nínú 239 yìí, 225 ni kò kú ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn kà. Wọ́n jáde ní tíátà láàyè. Àwọn ẹbí ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Orí bẹ́ẹ̀dì nínú wọ́ọ̀dù ni ikú ti wá bá wọn, ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje.

Kì í ṣe pé àwọn oníṣẹ́ abẹ wa kò mọ iṣẹ́ wọn. Àwọn olùwádìí náà ka àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú: bí a bá kó àwọn oníṣẹ́ abẹ, àwọn dókítà aláboyún àti àwọn akunilóorun pọ̀ sójú kan, ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí, wọn kò pé ẹyọ kan fún ènìyàn 100,000. Bí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo bá ń ṣọ́ odindi wọ́ọ̀dù lóru, ibà lè ti mú aláìsàn, ẹ̀jẹ̀ lè ti máa jò nínú ikùn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Àwọn baba wa kò ṣàì mọ̀ pé abẹ nìkan kọ́ ni iṣẹ́. Olóòlà tí ó bá kọlà fún ọmọ kì í kan nu abẹ rẹ̀ nù kí ó gba owó rẹ̀ kí ó máa lọ. Wọn a fọ́ ìgbín, wọn a sì ro omi rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́ náà. Omi ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó tutù. A kò sọ pé kí ẹ lọ ro omi ìgbín sí ojú abẹ o. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé ìtọ́jú ẹ̀yìn abẹ wà nínú iṣẹ́ olóòlà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ó fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nísinsìnyí, nínú gbogbo ohun tí ó ń dààmú aláìsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọgbẹ́ tí ó ṣe ọyún wà lára èyí tí ó wọ́pọ̀ jù. (Ẹ jẹ́ kí a yà bàrá díẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Yorùbá ni èyí. Ọyún tí a ń wí yìí ní àmì lábẹ́. Ẹni tí ó bá gbàgbé àmì náà ti kọ oyún, ọ̀rọ̀ sì ti di ti ilé ìgbẹ̀bí nìyẹn. Àwọn tí ń sọ pé àmì kò ṣe pàtàkì, ẹ gbọ́ ná.) Kòkòrò àrùn kún ara awọ wa, ti inú ìfun wa sì pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Nígbà tí dókítà bá la ikùn, tí ọwọ́ rẹ̀ wọ inú ìfun, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ àti àwọn irin iṣẹ́ rẹ̀ yóò dọ̀tí bí ó ti wù kí ó ṣọ́ra tó. Bí ó bá wá jẹ́ pé ìbọ̀wọ́ àti irin kan náà ni ó fi rán ojú abẹ pa, ńṣe ni ó kó kòkòrò náà sí abẹ́ awọ tí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ohun tí ó mú kí àwọn olùwádìí kan béèrè ìbéèrè kan nìyí, ìbéèrè tí ó rọrùn débi pé ẹnu yà wá pé ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn rẹ̀ dáadáa ṣáájú wọn: bí gbogbo àwọn tí ó wà nídìí iṣẹ́ abẹ bá pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ wọn, tí wọ́n sì mú irin iṣẹ́ mìíràn tí ó mọ́, kí wọ́n tó rán ikùn pa, ǹjẹ́ ọyún yóò dínkù? Ilé ìwòsàn 81 ni wọ́n ti wádìí rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè méje: Nàìjíríà, Benin, Ghana, Rwanda, South Africa, India àti Mexico. ChEETAh ni wọ́n sọ ìwádìí náà. Yunifásítì Birmingham ní Ìlú Ọba wà lára àwọn tí ó darí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn dókítà tí ó wà ní orílẹ̀-èdè wọ̀nyí ni wọ́n ṣe é, ara àwọn ènìyàn wa ni wọ́n sì ti ṣe é.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Wọ́n ṣẹ́ gègé. Kì í ṣe pé dókítà wo ojú aláìsàn kí ó tó pinnu ohun tí yóò ṣe fún un, nítorí pé ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa yan àwọn tí ara wọn le fún ìtọ́jú tuntun, kí ó wá máa sọ pé ìtọ́jú tuntun dára. Ilé ìwòsàn gan-an ni gègé mú: àwọn kan ń pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irin, àwọn kan ń ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá ń bi aláìsàn kọ̀ọ̀kan léèrè nípa ọgbẹ́ rẹ̀ títí ọjọ́ 30 fi pé. Láti 2020 títí di 2022, ènìyàn 13,301 ni wọ́n tẹ̀ lé báyìí. Nínú àwọn tí wọn kò pààrọ̀ fún, bíi 19 nínú 100 ni ọgbẹ́ wọn kó àrùn. Nínú àwọn tí wọ́n pààrọ̀ fún, ó jẹ́ 16.

Ẹlòmíràn lè sọ pé kí ni mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí ó bá la ikùn ẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò fi ìbọ̀wọ́ lásán gba bíi 30 ènìyàn lọ́wọ́ ọgbẹ́ tí ń rùn, lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́, lọ́wọ́ ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń sanwó rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ra ìwé oògùn ní ilé ìwòsàn rí mọ̀ pé aláìsàn ni ó ń fi owó ara rẹ̀ ra ìbọ̀wọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìbọ̀wọ́ díẹ̀ sí i yóò wọ inú ìwé náà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi owó rẹ̀ wé owó ọyún.

Ìwádìí kan ti ṣáájú èyí, láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn kan náà, ní orílẹ̀-èdè méje kan náà, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2021. FALCON ni orúkọ tirẹ̀. Ènìyàn 5,788 ni ó kópa. Wọ́n fi oògùn ìfọra olówó gọbọi, èyí tí wọ́n fi ọtí pò, wé oògùn ìfọra aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tí gbogbo wa mọ̀, wọ́n sì fi òwú ìránṣọ-ara tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò kùn wé òwú lásán. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn èyí tí ó wọ́n ní 2016. Àbájáde: kò sí ìyàtọ̀ gidi. Àwọn kan lè rò pé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jásí asán. Lójú tiwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun ni ó wúlò jù, nítorí pé ó sọ fún ilé ìwòsàn tí kò lówó pé kí ó má ṣe jẹ gbèsè nítorí òwú. Ó sì fi ohun kan tí ó bani nínú jẹ́ hàn: bíi 22 nínú 100 ni ọgbẹ́ wọn kó àrùn, ìbáà ṣe òwú wo, ìbáà ṣe oògùn wo.

Nípa oyin ńkọ́? A mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè. Ní 1988, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Calabar, Efem ni orúkọ rẹ̀, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa ènìyàn 59 tí ó fi ojúlówó oyin, èyí tí wọn kò sè, tí wọn kò bù mọ́, wo ọgbẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọgbẹ́ náà ni oògùn òyìnbó ti ṣe títí tí kò jinná. Àwọn 58 ni ó sàn dáadáa lára wọn. Ẹyọ kan tí kò gbọ́ jẹ́ àrùn Buruli. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí a máa fi yangàn ni, àwọn ènìyàn káàkiri ayé sì ń tọ́ka sí i títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò ṣẹ́ gègé, kò sì ní àwọn tí ó fi wọ́n wé. Bẹ́ẹ̀ náà ni egbò ẹsẹ̀ tí ó ti pẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ojú abẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Oyin tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì, tí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣúgà ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, kò ní iṣẹ́ kankan lójú abẹ ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ti yí padà. Ní 1997, Henrik Kehlet, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Denmark, kọ̀wé pé ọ̀pọ̀ nínú ìyà tí aláìsàn ń jẹ lẹ́yìn abẹ, àṣà àwa oníṣègùn ni ó fà á: ebi, ìdùbúlẹ̀ àìdìde, rọ́bà tí wọ́n fi sí ibi ìtọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jẹ́ kí aláìsàn dìde rìn kíákíá, kí ó sì jẹun kíákíá. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, òfin àtijọ́ ni pé aláìsàn kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ẹnu títí tí yóò fi só. Àgbàlagbà ìyá yóò dùbúlẹ̀, dókítà ọmọ kékeré yóò dúró tì í pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, yóò bi í pé, "Mà, ṣé ẹ ti só?" Ẹ̀rín kọ́ o, ìfun ni wọ́n ń wádìí bóyá ó ti jí. Ní Enugu, àwọn dókítà ṣẹ́ gègé láàárín àwọn ìyá tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, wọ́n fún apá kan ní ṣíńgọ́ọ̀mù jẹ, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 2014: ìfun àwọn tí ó jẹ ṣíńgọ́ọ̀mù tètè jí ju ti àwọn yòókù lọ. Bí ẹnu bá ń jẹ, ìfun a rò pé oúnjẹ ń bọ̀.

Àwọn kan wà tí a kì í sábà kà mọ́ra nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì fẹ́ fò wọ́n dá. Àwọn ni ọkùnrin tí wọ́n bí ní obìnrin, tí Òyìnbó ń pè ní transgender. Ọmọbìnrin ni agbẹ̀bí pè wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n délé ayé, ọkùnrin ni wọ́n mọ ara wọn sí, bí ọkùnrin sì ni wọ́n ń gbé. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn a yọ ọmú, àwọn mìíràn a yọ ilé-ọmọ, àwọn díẹ̀ a ní kí wọ́n mọ ojú ara ọkùnrin fún àwọn. Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní 1917, Harold Gillies, ọmọ New Zealand tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba, ń wá bí yóò ṣe tún ojú àwọn ọmọ ogun tí iná àti ọta ti bàjẹ́ ṣe. Ó rí i pé bí òun bá ká awọ ara pọ̀ bí ọ̀pá, tí òun sì jẹ́ kí ìdí rẹ̀ ṣì wà lára, ẹ̀jẹ̀ yóò máa ṣàn nínú rẹ̀, kòkòrò kò sì ní tètè ráyè wọ̀ ọ́. Láàárín 1946 sí 1949, ó lo ọgbọ́n kan náà fún Michael Dillon, tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Dublin nígbà náà. Iṣẹ́ abẹ tí ó ṣe fún un kò dín ní 13. Ẹ wo bí ìmọ̀ ṣe ń rìn: láti ojú ọmọ ogun dé ara Dillon.

Ó sì ti rìn láti ọ̀dọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọmú, ẹ̀jẹ̀ lè sẹ́ sí abẹ́ awọ àyà kí ó wú, kí wọ́n tún gbé onítọ̀hún padà sí tíátà. Oògùn kan wà tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tranexamic acid, èyí tí Utako Okamoto àti ọkọ rẹ̀ ṣàwárí ní Japan. Obìnrin 20,060 ní orílẹ̀-èdè 21, tí ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà wà nínú wọn, ni ó kópa nínú ìwádìí ńlá tí ó fi hàn ní 2017 pé oògùn yìí ń dín ikú ẹ̀jẹ̀ kù lára ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pàápàá bí wọ́n bá tètè fún un láàárín wákàtí mẹ́ta. Oògùn kan náà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ń dánwò báyìí nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àyà àwọn ọkùnrin wọ̀nyí.

Ìbéèrè tiwọn gan-an tún wà, tí a kò lè rí ìdáhùn rẹ̀ lára ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ wọn ń gba abẹ́rẹ́ testosterone. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn dókítà kan ti ń ní kí wọ́n dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ, nítorí ìbẹ̀rù ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni dídá a dúró ń da ara àti ọkàn rú. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá fi àwọn tí ó dá a dúró wé àwọn tí kò dá a dúró níbi iṣẹ́ abẹ àyà, wọn kò rí ìyàtọ̀ gidi. Àṣà lásán ni, bíi ti òfin "ṣé ẹ ti só". Èyí tí ó ṣòro jù ni ti ọ̀nà ìtọ̀ tuntun: ó lè jò, ó lè dí, ó sì lè gba iṣẹ́ abẹ mìíràn kí ó tó dára. Wọ́n a ní kí ẹni tí ó ń mu sìgá dá a dúró tipẹ́tipẹ́ ṣáájú, nítorí pé sìgá ń fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké pọ̀, awọ tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé yóò kú.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyí kéré, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni wọ́n sì ti ṣe wọ́n. A mọ̀ pé àwọn òǹkàwé wa kan yóò ti fajú ro. Kálukú ní ohun tí ó gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ti ẹni tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè dé pẹ̀lú ọgbẹ́ tí kò tíì jinná, tí ẹ̀rù ń bà á láti ká aṣọ rẹ̀ sókè níwájú nọ́ọ̀sì. Ọyún kò ní béèrè irú ẹni tí ó jẹ́. Ọgbẹ́ tí a bá fi pamọ́ kò ní ẹni tí yóò wò ó, a sì ti rí i lókè pé àìrí ẹni wò wọ́n lásìkò wà lára ohun tí ń pa àwọn tí ó kù sínú wọ́ọ̀dù.

Àwọn Biccard padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìwádìí wọn kejì, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2021, kó àwọn aláìsàn tí ó lé ní 28,000 jọ. Wọ́n ṣẹ́ gègé láàárín àwọn ilé ìwòsàn. Ní apá kan, wọ́n ní kí wọ́n gbé aláìsàn tí ewu wà fún sí ibi tí nọ́ọ̀sì ti lè rí i, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lemọ́lemọ́, kí wọ́n fi ìwé àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, bí àyè bá sì wà, kí wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù tí ìtọ́jú rẹ̀ ga jù. Ìkarùn-ún ni ó dùn mọ́ wa nínú jù: kí wọ́n jẹ́ kí ẹbí dúró tì í. Ikú àti ìpalára ńlá kò dínkù. Lójú tiwa, kò yà wá lẹ́nu púpọ̀. Ojú tí ó rí ewu ní láti rí ẹni tí yóò ké sí, ẹni náà sì ní láti ní ẹ̀jẹ̀, oògùn àti tíátà tí iná wà.

Síbẹ̀ ẹbí ti wà níbẹ̀ ná. Ní Lọ́kọ́ja tiwa yìí, ní ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé, ẹ wọ wọ́ọ̀dù èyíkéyìí, ẹ óò bá ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lórí ẹní nílẹ̀. Wọ́n ń sọ Okun, Ígálà, Ebira, Nupe, Haúsá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tí wọ́n fi ń dá aláìsàn sílẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi kọ èyí tí ó tẹ̀ lé e yìí sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá ní aláìsàn nílé lè kà á sí wọn létí: Bí ojú abẹ bá ń gbóná, tí ó ń wú, tí ìrora rẹ̀ ń pọ̀ sí i dípò kí ó máa lọ sílẹ̀, ẹ padà lọ. Pípọ́n kì í tètè hàn lára awọ dúdú, nítorí náà ọwọ́ ni kí ẹ fi wò ó, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà. Bí omi tàbí ọyún bá ń jáde, tí ó bá ń rùn, tí ojú rírán bá là, ẹ padà lọ. Bí ibà bá mú un, bí kò bá lè mí dáadáa, bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ, bí ikùn bá le gbagidi tí kò sì lè só, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí dókítà dá. Kí ẹ sì máa ka ọjọ́ náà títí yóò fi pé 30.